Ìrora tó ti ìdí sọ̀ kalẹ̀ dé ọmọ-ìka ẹsẹ̀: kí lẹ lò tó fi yín sílẹ̀?

Awakọ̀_Òjòó · Ọjọ́ Ajé, 9:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọkọ̀ ni mo ń wà, Ìbàdàn sí Ìlọrin, ó ti pé ọdún mọ́kànlá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí nǹkan kan ti ń fà mí láti ìdí ọ̀tún. Á gba ẹ̀yìn itan, á kọjá lẹ́yìn orúnkún, ó di ọmọ-ìka ẹsẹ̀. Kì í ṣe ríro lásán. Ó ń ta ni, bí ẹni tí iná NEPA gbé. Nígbà mìíràn á dà bí ẹni pé wọ́n fi ata rodo pa ẹsẹ̀ náà. Bí mo bá wúkọ́ pẹ́nrẹ́n, ó ti dé ìsàlẹ̀. Sísín ni mo tilẹ̀ ń bẹ̀rù jù. Ẹ̀yìn gan-an ò dùn mí tó ẹsẹ̀ yìí.

Dókítà tí mo lọ rí pè é ní sàyátíkà, ó kọ oògùn ìrora fún mi. Mo lò ó fún ọjọ́ mẹ́ta, inú bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí, nítorí mo ti ní ọgbẹ́ inú tẹ́lẹ̀. Ìyàwó mi ní kí n dùbúlẹ̀ fún oṣù kan gbáko. Mo ní ta ni yóò wá máa bọ́ wa? Ẹni tó bá ti rí i rí, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ lò? Ewé ni o, eré ìdárayá ni o, mi ò kọ èyíkéyìí.

Ìyá_Alágbo_Bódìjà · 9:31 alẹ́

Pẹ̀lẹ́ ọmọ mi. Jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ẹ̀yin awakọ̀ ẹ̀ẹ́ jókòó láti òwúrọ̀ dalẹ́, ẹ ó máa fi kóòkì àti búrẹ́dì ṣe oúnjẹ, kí ni kò ní gun ẹ̀yìn? Wá atalẹ̀, aáyù, èèrù àti ìyère, fi omidùn rẹ wọ́n mọ́jú, máa mu ife kékeré kan láàárọ̀. Àwọn kan á fi ọtí rẹ ẹ́. Ìwọ má fi ọtí, nítorí ìdí ọkọ̀ lo wà. Lálẹ́, kí ìyàwó rẹ yọ́ òrí mọ́ àdín, kó fi wọ́ ọ láti ìbàdí sísàlẹ̀. Ewé á jẹ́.

Ọmọ_Àkúrẹ́ · 9:36 alẹ́

Màmá, gbogbo nǹkan ni jẹ̀díjẹ̀dí lọ́dọ̀ yín. Bí àpò èèyàn bá gbẹ, jẹ̀díjẹ̀dí ni!

Ìyá_Alágbo_Bódìjà · 9:40 alẹ́

Ti àpò tìrẹ yẹn, ìmẹ́lẹ́ ni.

Àdùkẹ́_Leeds · 10:52 alẹ́

Mo rẹ́rìn-ín dé ibi tó jìnnà. Ẹ̀gbọ́n awakọ̀, ẹ kú ìfaradà. Ó ṣe èmi náà ní ọdún méjì sẹ́yìn. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mo ń ṣe níbí. Bàbá kan ń ṣubú, mo sáré gbá a mú, mo sì yí ìbàdí bí mo ṣe ń gbé e. Lọ́jọ́ kejì, ẹsẹ̀ òsì kò ṣeé fi tẹ ilẹ̀.

Àṣìṣe tí mo ṣe rèé, kí ẹ má bàa ṣe é. Mo dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ọmọ mi ló ń gbé oúnjẹ wá sórí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí mo fi máa dìde, gbogbo ara ti gan, ìrora ò sì dín rárá. Mo bá dókítà jà lórí fóònù pé kó jẹ́ kí wọ́n yàwòrán ẹ̀yìn mi. Ó ní kò tíì yẹ, ó ní kí n máa rìn. Mo ní torí mo jẹ́ aláwọ̀ dúdú ni. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo wá mọ̀ pé bí ìlànà ìlú yìí ṣe wà nìyẹn fún gbogbo èèyàn: wọn kì í sáré yàwòrán bí kò bá sí àmì ewu. Ìlànà yẹn kan náà, èyí tí NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú aláìsàn ní Ìlú Gẹ̀ẹ́sì níbí, gbé jáde ní 2016, wọ́n tún un yẹ̀ wò ní 2020, wọ́n ní kí dókítà má ṣe máa fún ẹni tó ní sàyátíkà ní oògùn gabapentin tàbí pregabalin mọ́, nítorí pé àǹfààní rẹ̀ kò hàn, wàhálà rẹ̀ sì pọ̀. Mo sọ ọ́ torí mo mọ̀ pé wọ́n ń tà á ní kẹ́míìsì nílé bí ẹni ń ta gúgúrú.

Ìrìn ló gbà mí. Ìṣẹ́jú márùn-ún lákọ̀ọ́kọ́, mo ń sunkún. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kẹfà, mo ti ń rin ìdajì wákàtí.

Físíò_Mókọ̀lá · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:20 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ gbogbo ilé. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe lójoojúmọ́ nìyí, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́.

Sàyátíkà, ìrora iṣan kan ni. Iṣan náà ló nípọn jù nínú àwọn iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára káàkiri ara. Níbi tó ti ki jù, ó tó àtàǹpàkò ní fífẹ̀. Gbòǹgbò márùn-ún ló jáde láti ìsàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn tó pàdé di í. Ó gba abẹ́ ẹran ìdí kọjá, ó bá ẹ̀yìn itan sọ̀ kalẹ̀, ó pín méjì nítòsí orúnkún, ó wá dé àtẹ́lẹsẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ọmọ-ìka ẹsẹ̀ ń ta òun, ẹ má kàn máa wo ọmọ-ìka. Òkè lọ̀rọ̀ wà.

Láàárín eegun ẹ̀yìn kan àti èkejì, tìmùtìmù kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní dísìkì. Ẹ fi wé mọ́ínmọ́ín eléwé. Bí ewé bá ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí ẹ wá tẹ̀ ẹ́ níwájú, ohun inú rẹ̀ á yọ lẹ́yìn níbi tó ti ya. Bó bá yọ síbi tí gbòǹgbò iṣan wà, gbòǹgbò náà á wú, á máa gbóná, ibi tí iṣan náà ń lọ ni yóò sì ti máa ké. Ọdún 1934 ni dókítà méjì ní Boston, Mixter àti Barr, kọ̀wé tó fi hàn pé dísìkì ló wà nídìí ọ̀pọ̀ rẹ̀. Kó tó dìgbà náà, oríṣiríṣi nǹkan ni àwọn òyìnbó fúnra wọn ń dá lẹ́bi, wọn ò kàn mọ orúkọ jẹ̀díjẹ̀dí ni. Màmá, ẹ má bínú.

Ohun tó ń dùn mọ́ mi nínú ni pé ara máa ń jẹ ohun tó yọ yẹn díẹ̀díẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń tì í padà. Ara ló ń jẹ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi máa ń bọ̀ sípò láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà láìṣe iṣẹ́ abẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti àwọn mìíràn máa ń lé ní oṣù mẹ́ta. Iṣẹ́ wa ni pé ká má dí i lọ́wọ́, kí ẹ sì lè máa rìn kó tó lọ.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má dùbúlẹ̀ fún oṣù kan. Ọjọ́ kan, ọjọ́ méjì, nígbà tó bá le gan-an, ó tó. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa rìn ìwọ̀nba, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́.

Èkejì, ẹ gbìyànjú ìdọ̀bálẹ̀. Mi ò ṣàwàdà. Ẹ tẹ́ ẹní sílẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ẹni wá kí ọba, ẹ mí sínú, ẹ mí síta fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún. Bí ara bá gbà á, ẹ fi ìgúnpá gbé àyà sókè. Tó bá yá, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì ti àyà sókè, kí ìbàdí ṣì wà nílẹ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan, ìgbà mẹ́rin tàbí márùn-ún lóòjọ́. Kí ẹ máa ṣọ́ ibi tí ìrora ń gbà. Bó bá ń kúrò ní ẹsẹ̀ tó ń gòkè bọ̀ wá sí ìdí, ẹ máa bá a lọ. Bó bá ń sọ̀ kalẹ̀ sí i, ẹ dá a dúró kíá, ẹ wá wa.

Bí ọ̀nà yìí ṣe bẹ̀rẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́. Ní 1956, ọ̀gbẹ́ni Robin McKenzie ní Wellington, ní New Zealand, ní kí aláìsàn kan lọ dùbúlẹ̀ dè é. Wọ́n ti gbé orí bẹ́ẹ̀dì náà sókè fún ẹni tó ṣáájú, ọkùnrin yìí kò sì béèrè, ó dojú bolẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ kọdọrọ. Nígbà tí McKenzie máa fi wọlé, ẹ̀rù bà á. Ọkùnrin náà ní láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àkọ́kọ́ nìyí tí ẹsẹ̀ òun máa fúyẹ́.

Ní ti oorun: ẹ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ kí ẹ fi ìrọ̀rí sáàárín orúnkún, tàbí ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀ kí ẹ fi ìrọ̀rí sábẹ́ orúnkún. Aṣọ tí wọ́n rì sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ dára níbàdí, ṣùgbọ́n bí ibì kan lẹ́sẹ̀ bá ti kú, kí ẹ má gbé ohun gbígbóná lé ibẹ̀. Mo ti rí ẹni tí ìgò omi gbígbóná bó lẹ́sẹ̀, kò mọ̀ títí di àárọ̀. Ìtọ̀ ṣúgà ni bàbá náà ní pẹ̀lú. Òrí àti àdín tí Màmá sọ, ó dára, ọwọ́ tó ń wọ́ra máa ń mú kí ẹran ìdí tó ti le dẹ̀. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má gun yín lẹ́yìn o. Mo mọ̀ pé à ń ní kí àwọn ọmọdé gun òbí wọn lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá pọ̀. Ẹ dáwọ́ ìyẹn dúró ná.

Kí ẹ sì padà sọ fún dókítà pé ẹ ní ọgbẹ́ inú. Àwọn oògùn ìrora bí ibuprofen àti diclofenac lè mú kí ọgbẹ́ inú ṣẹ̀jẹ̀.

Ìbéèrè kan: kí ló máa ń wà nínú àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò yín bí ẹ bá ń wakọ̀?

Awakọ̀_Òjòó · 1:05 ọ̀sán

Ó yà mí lẹ́nu pé ẹ béèrè. Owó ọkọ̀ ni. Mo máa ń dì í wọ́ọ̀wọ́ọ̀, màá fi rọ́bà so ó, màá tì í bọ àpò ẹ̀yìn lápá ọ̀tún. Mo ń jókòó lé e láti Òjòó dé Ìlọrin nítorí àwọn ọmọ jáńdùkú.

Físíò_Mókọ̀lá · 1:22 ọ̀sán

Ẹ ò rí i! Ìdí ọ̀tún ń gòkè, ìbàdí ń wọ́, owó sì ń tẹ iṣan yẹn mọ́ ẹran ìdí fún wákàtí mẹ́ta. Ní 1978, dókítà kan ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa èyí gan-an, àwọn tí wọ́n ń jókòó lé pọ́ọ̀sì tí káàdì kún. Ó lè má jẹ́ òun nìkan ló fà á, pàápàá bí wíwúkọ́ ṣe ń ta yín, ìyẹn jọ ti dísìkì. Ṣùgbọ́n ẹ kó owó yẹn síwájú.

Ọmọ_Àkúrẹ́ · 1:30 ọ̀sán

Èmi ò lè ní irú àìsàn yìí láé. Kò sí owó tí màá jókòó lé.

Ìyá_Alágbo_Bódìjà · 4:48 ìrọ̀lẹ́

Físíò, o sọ̀rọ̀ dáadáa, o sì bọ̀wọ̀ fún mi, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé agbo kò ṣe nǹkan kan. Mo ti ta á fún ọgbọ̀n ọdún, èèyàn ń padà wá dúpẹ́.

Físíò_Mókọ̀lá · 8:15 alẹ́

Màmá, atalẹ̀ máa ń bá wíwú jà díẹ̀ lóòótọ́, mi ò sẹ́ ẹ. Ẹni tó bá mu ún lọ́sẹ̀ mẹ́rin tó sì yá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ọ̀hún ló wò ó, àwa físíò náà sì ń jẹ nínú ìyìn yẹn. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù kọ́ ni tiyín tí ẹ fi omidùn ṣe. Àwọn tó ń lọ diclofenac àti dexamethasone mọ́ àgúnmu ni. Ẹni tó mu ún á ní "ewé yìí mú o!", láìmọ̀ pé oògùn òyìnbó ló ń mu, ojú á wú, ẹ̀jẹ̀ á ru, inú á lu. Àti ẹni tó ń lo oògùn tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn bí warfarin, kó má fi aáyù àti atalẹ̀ púpọ̀ kún un láìsọ fún dókítà.

Ìyá_Alágbo_Bódìjà · 8:27 alẹ́

Àwọn yẹn, olè ni wọ́n. Wọ́n ń ba ọjà jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Mo mọ ẹni mẹ́ta, mi ò ní dárúkọ.

Bàbá_Olóko_Oǹdó · Ọjọ́rú, 7:02 àárọ̀

Mo kí gbogbo yín. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni mí, oko kòkó ni mo ti lo ayé mi. Mo ṣe ìdọ̀bálẹ̀ tí físíò sọ lánàá, ó kù díẹ̀ kí n má lè dìde mọ́. Ẹsẹ̀ méjèèjì ló ń ro mí, bí mo bá rìn dé ìdí igi ọ̀pẹ tó wà lẹ́nu ọ̀nà, á wúwo bí òkúta, àfi kí n jókòó. Ohun tó jẹ́ ìyanu sí mi ni pé bí mo bá gun kẹ̀kẹ́ lọ sóko, kò ní ṣe mí ní nǹkan kan. Bí mo bá ń ti bárò náà, ara á tù mí.

Físíò_Mókọ̀lá · 7:40 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ẹ má dọ̀bálẹ̀ mọ́. Ẹ̀bi mi ni, ó yẹ kí n ti sọ ọ́. Tiyín yàtọ̀ sí ti ẹ̀gbọ́n awakọ̀. Bí àgbà ṣe ń dé, ihò tí iṣan ń gbà kọjá nínú ọ̀pá ẹ̀yìn lè fún. Bí èèyàn bá nàró tàbí tó tẹ̀ sẹ́yìn, ihò náà á túbọ̀ fún. Bó bá tẹ̀ síwájú, á là díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kẹ̀kẹ́ àti bárò fi ń tù yín lára, iwájú lẹ tẹ̀ sí níbẹ̀. Àwọn òyìnbó tó ní i máa ń fara ti kẹ̀kẹ́ ọjà ní súpámákẹ́ẹ̀tì, ara á tù wọ́n.

Kẹ̀kẹ́ yẹn gan-an ni eré ìdárayá yín. Ẹ tún lè fẹ̀yìn lélẹ̀, kí ẹ fa orúnkún kan wá sí àyà, lẹ́yìn náà èkejì. Ṣùgbọ́n nítorí ọjọ́ orí àti pé ẹsẹ̀ méjèèjì ni, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ̀ yín wò, ẹ má dá a ṣe nílé.

Bàbá_Olóko_Oǹdó · 7:55 àárọ̀

Ó ṣe é ọmọ mi. Àwọn ọmọ mi ti fẹ́ ta kẹ̀kẹ́ yẹn ní oṣù tó kọjá. Màá fi ohun tí o kọ yìí hàn wọ́n.

Télọ̀_Ọ̀ṣogbo · 11:10 àárọ̀

Oyún oṣù meje ni tèmi, ibi kan náà ló ń dùn mí. Ṣé kí n dọ̀bálẹ̀?

Àdùkẹ́_Leeds · 11:18 àárọ̀

Sórí oyún, àbúrò? Rárá o! Fi ìrọ̀rí sáàárín orúnkún sùn, máa rìn, máa dìde nídìí máṣíìnì, kó o sì sọ fún àwọn tó ń gba ẹ̀bí rẹ. Irú ti oyún yìí ṣe èmi náà rí, ó lọ lẹ́yìn tí mo bí àbígbẹ̀yìn.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ifẹ̀ · Ọjọ́bọ̀, 10:33 alẹ́

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mi ò fẹ́ dá sí i. Iṣan tí ẹ ń sọ yìí ló sọ èmi di atiro. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí, ibà ń ṣe mí, wọ́n gbé mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù oògùn kan ládùúgbò, wọ́n gún mi ní abẹ́rẹ́ nídìí òsì. Ìyá mi ní mo ké lọ́nà kan tí òun ò gbọ́ rí. Láti ọjọ́ náà, iwájú ẹsẹ̀ òsì mi kò gbéra mọ́, ó ń wọ́lẹ̀ bí mo bá ń rìn. Wọ́n ní àwọn aráyé ni. Wọ́n ní rọpárọsẹ̀ ni. Ilé alásọtẹ́lẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n gbé mi dé. Ọdún tí mo wọ yunifásítì ni físíò kan tó wo ẹsẹ̀ mi béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Ṣé wọ́n gún ẹ ní abẹ́rẹ́ nídìí nígbà tó o wà ní kékeré?" Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, mo sunkún.

Nọ́ọ̀sì_Ṣakí · 10:58 alẹ́

Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Ọ̀rọ̀ rẹ ká mi lára. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún àwọn ìyá tó ń kà á. Bí a bá pín ẹ̀gbẹ́ ìdí kan sí ọ̀nà mẹ́rin, òkè lápá ìta nìkan ni abẹ́rẹ́ lè wọ̀. Àárín àti ìsàlẹ̀, ibẹ̀ ni iṣan yẹn gbà. Ti àwọn ọmọ kéékèèké tilẹ̀ tún burú nítorí ẹran ìdí wọn kò tíì ki, ẹ̀gbẹ́ itan ló yẹ kí wọ́n máa gún wọn. Bí ọmọ yín bá lè gbé oògùn mì, tí kò sì bì, ẹ má fi dandan béèrè abẹ́rẹ́. Àwa ìyá la máa ń sọ pé "bí wọn ò bá tíì gún un, wọn ò tíì tọ́jú rẹ̀."

Akẹ́kọ̀ọ́_Ifẹ̀, ṣé o ní ohun tí wọ́n ń wọ̀ sínú bàtà tó ń gbé iwájú ẹsẹ̀ dúró?

Akẹ́kọ̀ọ́_Ifẹ̀ · 11:06 alẹ́

Mo ní i báyìí mà. Mi ò kì í ṣubú mọ́.

Ará_Agége · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8:41 alẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni tó bá wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti ń ní ìrora ẹ̀yìn yìí láti oṣù méjì. Láti àná ó ti wọ ẹsẹ̀ méjèèjì. Láti ọ̀sán òní kò lè tọ̀, ikùn rẹ̀ wú. Ó ní bí òun ṣe ń nu ìdí nílé ìgbọ̀nsẹ̀, ó dà bí ẹni pé ara ẹlòmíràn lòun ń nù. Wọ́n ní ká dúró de bàbá kan tó ń to eegun, pé ó ń bọ̀ lọ́la lẹ́yìn ìsìn.

Físíò_Mókọ̀lá · 8:44 alẹ́

Ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tó ní dókítà eegun tàbí ti ọpọlọ LÁLẸ́ YÌÍ. Ẹ sọ fún wọn ní ẹnu ọ̀nà pé kò lè tọ̀, ojú ara rẹ̀ ti kú, ẹsẹ̀ méjèèjì ló ń rọ. Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Ṣakí · 8:46 alẹ́

Ohun tí físíò sọ ni kí ẹ ṣe. Ẹ má fún un ní oúnjẹ lójú ọ̀nà, wọ́n lè fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ẹ lọ.

Ìyá_Alágbo_Bódìjà · 8:50 alẹ́

Ọmọ, gbé e lọ! Èyí kì í ṣe ti agbo. Ṣé ẹ ti rí ọkọ̀?

Ará_Agége · 8:59 alẹ́

A ti wà nínú ọkọ̀.

Físíò_Mókọ̀lá · Ọjọ́ Àìkú, 2:10 ọ̀sán

Fún ẹ̀yin tó béèrè ìdí tí mo fi pariwo: níbi tí okùn ọ̀pá ẹ̀yìn parí sí, àwọn gbòǹgbò iṣan tó kù máa ń ya sílẹ̀ bí ìrùkẹ̀rẹ̀. Orúkọ Látìn rẹ̀ gan-an túmọ̀ sí ìrù ẹṣin. Àwọn ni wọ́n ń ṣàkóso ìtọ̀, ìgbọ̀nsẹ̀ àti ojú ara. Bí dísìkì ńlá bá tẹ gbogbo wọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, wákàtí là ń kà, kì í ṣe ọjọ́. Bí wọ́n bá pẹ́ jù, èèyàn lè má lè dá tọ̀ mọ́ láyé rẹ̀. Kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ mọ̀ ọ́n. Bákan náà ni bí iwájú ẹsẹ̀ bá ṣàdéédéé ń wọ́lẹ̀, bí ibà bá bá ìrora ẹ̀yìn rìn, bí ẹni tó ti ní jẹjẹrẹ rí bá bẹ̀rẹ̀ sí í ní i, tàbí bó bá jẹ́ lẹ́yìn ìṣubú tàbí ìjàǹbá ọkọ̀. Ti àwọn yẹn kọjá ẹní àti òrí.

Ará_Agége · Ọjọ́rú, 6:30 ìrọ̀lẹ́

Ẹ ṣé o. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Ẹsẹ̀ ti ń gbéra. Rọ́bà ni wọ́n ṣì fi ń gba ìtọ̀ rẹ̀, wọ́n ní ká máa wò ó. Bàbá tó ń to eegun dé lóòótọ́, ó bá ilé lófo.

Awakọ̀_Òjòó · Ọjọ́ Ẹtì, 5:17 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ kọkànlá rèé tí mo ti ń dọ̀bálẹ̀ lórí ẹní láàárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́. Àwọn ọmọ mi ní ọba wo ni bàbá ń kí. Owó ti wà ní àpò iwájú. Dókítà ti pààrọ̀ oògùn fún mi. Ìyàwó mi ń fi òrí wọ́ mi, mo sì mu omidùn Màmá, ẹ má sọ fún físíò.

Nǹkan kan ń dá ẹ̀rù bà mí: ẹsẹ̀ ti fúyẹ́, kò kọjá ẹ̀yìn orúnkún mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn gan-an ti wá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, èyí tí kò dùn mí tó bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣé ó ti ń burú sí i?

Físíò_Mókọ̀lá · 5:40 ìrọ̀lẹ́

Mo rí omidùn o! Rárá, ẹ̀gbọ́n, ìròyìn ayọ̀ ni. Ìrora tó kúrò ní ẹsẹ̀ tó padà sí ẹ̀yìn, ó ń lọ sílé ni. Ohun tí a ń wá nìyẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń dá a dúró níbi tí ẹ dé yìí, wọ́n á rò pé ó ti bàjẹ́. Ẹ máa bá a lọ. Ẹ má tíì gbé àpò ìrẹsì tàbí táyà fún ẹnikẹ́ni, bí ẹ bá sì máa gbé nǹkan, ẹ fi orúnkún bẹ̀rẹ̀ kí ẹ fà á mọ́ra, kí ẹ má yí ìbàdí pẹ̀lú ẹrù lọ́wọ́.

Awakọ̀_Òjòó · ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, Ọjọ́ Ajé, 9:50 alẹ́

Mo wa ọkọ̀ dé Ìlọrin lónìí. Mo sọ fún àwọn èrò kí n tó gbéra pé èmi á dúró ní Ọ̀yọ́, màá dúró ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, ẹni tí kò bá gbà kó wọ ọkọ̀ míì. Obìnrin kan kùn. Nígbà tí a dé Ọ̀yọ́, òun ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀ láti lọ tọ̀. Mo fà ìjókòó súnmọ́ iwájú kí ẹsẹ̀ má bàa máa na clutch, mo ká aṣọ ìnura sẹ́yìn ìbàdí, mo fi tìmùtìmù fóòmù sábẹ́. Ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ò lójútì, kòtò yẹn ṣì rán mi létí ìdí ọ̀tún lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n kò ta dé ìsàlẹ̀.

Ọmọ_Àkúrẹ́ · 9:58 alẹ́

A kú oríire! Ẹ wá gbé mi lọ́fẹ̀ẹ́ dé Ìlọrin.

Ìyá_Alágbo_Bódìjà · 10:12 alẹ́

Mo bá ọ yọ̀, ọmọ mi. Èló ni wọ́n ta tìmùtìmù yẹn? Àpótí kékeré ni mo ń jókòó lé láti ìdájí nídìí ìkòkò agbo, ibi kan ti ń ro èmi náà nídìí òsì láti ọjọ́ mẹ́rin. Mi ò fẹ́ sọ ọ́, kí Ọmọ_Àkúrẹ́ má bàa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Físíò_Mókọ̀lá · 10:15 alẹ́

Màmá, ṣé ó ń dé ẹsẹ̀? Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ síwájú ńkọ́, ṣé ó ń pọ̀ ni àbí ó ń dín?

Ìyá_Alágbo_Bódìjà · 10:16 alẹ́

Dúró ná, jẹ́ kí n dìde wò ó.